Ògbufọ̀ Inú Ilé

"Ìkà ni ọ́, Ọmọ́lẹ́yẹ! Ìkà aláìlójú-àánú! Ẹ̀yin ará Ìpele, ẹ jáde o! Ẹ wá wo obìnrin tó fi ebi lu ọmọ ọlọ́mọ bolẹ̀!"

Àbẹ̀ẹ́bí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láàárín àgbàlá, ó káwọ́ lérí, gèlè rẹ̀ ti já sọ́rùn. Níwájú rẹ̀ ni Sylvanus, ọmọ ọdún márùn-ún, nà gbalaja sí lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ojú rẹ̀ yí sókè, ètè rẹ̀ gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Agatha ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kúnlẹ̀ tì í, ó ń pè é ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nínú gbogbo èrò tó ti ń ya wọlé.

Ọmọ́lẹ́yẹ dìde nídìí òfì tó ti ń hun aṣọ. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Kí ni ì bá sọ? Pé òun ń se oúnjẹ ní àárọ̀ àti ní alẹ́? Ta ni yóò gbà á gbọ́, nígbà tí gbogbo ayé ń ka egungun ìhà ọmọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ìtìjú bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Kò lọ́mọ láyé, kò mọ ìrora ọmọ!" ni obìnrin kan wí láàárín èrò.

"Ikú yá ju ẹ̀sín lọ," ni ẹlòmíràn dá a lóhùn.

Láti kékeré ni Àbẹ̀ẹ́bí ti máa ń kúnlẹ̀ kí ó tó kí Ọmọ́lẹ́yẹ, "ẹ̀gbọ́n mi" ni ó sì máa ń pè é. Lónìí, orúkọ lásán ló ń là mọ́ ọn lórí lójú ayé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ìtàn yìí, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ó kúnlẹ̀ kí yín lánàá, tó nàró bú yín lónìí. Ó ti ní ohun tí ó ń wá!

Àbẹ̀ẹ́bí kì í ṣe àlejò nínú ilé náà. Ọmọ àbúrò ìyá Ọmọ́lẹ́yẹ ni, láti Ùsò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wá bá Ọmọ́lẹ́yẹ ní Ìpele. Ọmọ́lẹ́yẹ ló wẹ̀ ẹ́, òun ló bọ́ ọ, òun ló kọ́ ọ ní òwò aṣọ. Nígbà tí Olúgbádé ọkọ Ọmọ́lẹ́yẹ rí iṣẹ́ rélùwéè ní Sẹ̀kọ́ńdì, ní ilẹ̀ Gòólù Kóòsì tó di Gánà lónìí, ó ní ọdún méjì péré ni òun yóò lò. Ó bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kí ó dúró tọ́jú ìyá òun tí àrùn ẹ̀gbà ti dá mọ́lẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Olúyọmí, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà, Ọmọ́lẹ́yẹ kò sì ní agbára àtijiyàn. Ó dúró. Ọdún méjì di mẹ́jọ, mẹ́jọ di méjìlá. Ó tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ títí ó fi kú, ó sì sin ín bí ẹni sin ìyá tó bí i lọ́mọ. Nígbà tí Àbẹ̀ẹ́bí dàgbà, òun kan náà ló di aṣọ lé e lórí pé kí ó máa lọ tà á ní Sẹ̀kọ́ńdì, kí ó sì máa bá òun bojú wo ọkọ òun. Há! Ẹni a ní kó feni lójú, ata ló fi sẹ́nu!

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1955, lọ́rì kan tó ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àbẹ̀ẹ́bí sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ méjì tẹ̀ lé e, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o," ni Àbẹ̀ẹ́bí fi igbe ta. "Ọmọ ọkọ yín nìwọ̀nyí! Obìnrin Fàǹtí ló bí wọn fún un. Ìyá wọn ti kú. Ó ní kí n kó wọn wá fún yín títí òun yóò fi dé."

"Ọmọ ọkọ mi?" Ọmọ́lẹ́yẹ fi ọwọ́ di òpó mú. "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́wàá. Mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo fi pamọ́ nítorí ọkàn yín."

Ṣé ohun tí à á sọ létí gbogbo ilé nìyẹn? Kò ha sí yàrá ni? Àwọn aládùúgbò ti gbọ́ kí Ọmọ́lẹ́yẹ tó lè pa ẹnu dé. Ọdún méjìlá tó fi ń ní sùúrù di ẹ̀rín lójú kan. Ó wo ilẹ̀ títí. Nígbà tó gbé ojú sókè, ó rí i pé ọmọkùnrin náà ti tọ̀ sí ṣòkòtò, ó sì ń fi ọwọ́ bò ó kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Bí ọmọ kékeré náà ṣe ń tijú ni ojú ti òun náà. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi ró ọmọ náà.

"Ẹ máa bọ̀ nínú ilé," ni ó wí. Wọn kò gbọ́. Wọ́n wo Àbẹ̀ẹ́bí. Àbẹ̀ẹ́bí sọ nǹkan sí wọn ní èdè Fàǹtí, gẹ́rẹ́ tó sọ ọ́ ni Agatha fa àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn, tó sì ń wo Ọmọ́lẹ́yẹ bí ẹni wo ejò.

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní ìyá wọn tuntun nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi, ojú wọn le díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé níbí fún ìgbà díẹ̀, kí n máa túmọ̀ ọ̀rọ̀."

Ọmọ́lẹ́yẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá yàrá fún un!

Nídìí òwò aṣọ ní Sẹ̀kọ́ńdì ni Àbẹ̀ẹ́bí ti kọ́ Fàǹtí, kò sì sí ẹlòmíràn ní Ìpele tó gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá, wọn kò sì gbọ́ òyìnbó, nítorí ọ̀dọ̀ ìyá ìyá wọn ní abúlé apẹja ni wọ́n ti dàgbà. Bó bá ṣe wu Àbẹ̀ẹ́bí ló ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ Ọmọ́lẹ́yẹ fún wọn, bó bá sì ṣe wù ú ló ṣe ń sọ tiwọn fún Ọmọ́lẹ́yẹ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: Olúgbádé. Ọkùnrin náà ti sọ ọ́ lẹ́nu rí ní Sẹ̀kọ́ńdì, lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀, pé obìnrin tó bá tọ́ àwọn ọmọ yìí fún òun ni yóò jókòó nínú ilé òun. Àbẹ̀ẹ́bí gbá ọ̀rọ̀ náà mọ́ àyà bí òrùka ìgbéyàwó. Ọkọ ẹni tó tọ́ ọ dàgbà ni ó ń fẹ́! Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, Ọmọ́lẹ́yẹ gún iyán, ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó fi ẹran ìgbẹ́ tó dára jù lọ sí i. Ó gbé e síwájú àwọn ọmọ. Wọn kò fọwọ́ kàn án. Agatha sọ ọ̀rọ̀ kan wúyẹ́wúyẹ́.

"Kí ló wí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀."

"Sọ ọ́, mo ní!"

Àbẹ̀ẹ́bí mí kanlẹ̀. "Ó ní oúnjẹ yín ń rùn. Ó ní àwọn gbọ́ pé ẹ ti jẹ ọmọ tiyín, àwọn kò fẹ́ kí ẹ jẹ àwọn náà."

Olúyọmí! Wọ́n fi ikú Olúyọmí bú u, láti ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá! Ọmọ́lẹ́yẹ gbé iyán náà padà sí ilé ìdáná, ó sì jókòó nínú èéfín kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ohun tó ń mú omi bọ́ lójú òun.

Lójoojúmọ́ ló ń gbé oúnjẹ kalẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń yẹra fún un. Ìwọ̀nba ẹ̀kọ tí Àbẹ̀ẹ́bí bá fún wọn nínú yàrá tirẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, kò sì jẹ́ kí ó yó wọn, nítorí ọmọ tó bá sanra kò ní wúlò fún ète rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìwà ọ̀daràn!

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ nítorí pé mo fẹ́ràn Ọmọ́lẹ́yẹ. Òun náà ṣe ohun kan tí kò dára. Agatha ní gèlè ìyá rẹ̀ kan, aláwọ̀ aró, tí ó so igun rẹ̀ ní kókó. Orí gèlè náà ló ń sùn lé. Àbẹ̀ẹ́bí wá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé oògùn ló wà nínú kókó náà, pé àwọn ará ilé ìyá àwọn ọmọ ló dì í síbẹ̀ láti fi pa obìnrin yòówù tó bá gba ipò òkú.

"Mo gbọ́ ọ létí ara mi ní Sẹ̀kọ́ńdì, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ nínú ilé yìí!"

Ẹ̀rù àti ìbínú ọjọ́ pípẹ́ dìde lẹ́ẹ̀kan náà nínú Ọmọ́lẹ́yẹ. Ó já gèlè náà gbà lọ́wọ́ ọmọ, ó jù ú sínú iná. Agatha ké igbe kan tó mú kí àwọn adìyẹ fọ́n ká. Ó ki ọwọ́ bọ inú iná, Ọmọ́lẹ́yẹ fà á sẹ́yìn, ọmọ náà bù ú jẹ ní apá. Nígbà tí iná kú, Ọmọ́lẹ́yẹ fi igi tú eérú wò. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mẹ́ta ló rí, irú èyí tí obìnrin ń tú lára òkú ọmọbìnrin rẹ̀ fi ṣe ìrántí. Kò sí oògùn. Kò sí nǹkan mìíràn. Àbẹ̀ẹ́bí ní àṣìgbọ́ ni, Ọmọ́lẹ́yẹ sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó kó ìlẹ̀kẹ̀ náà fún ọmọ. Ọmọ náà gbà á, ó tutọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Ọmọ́lẹ́yẹ kò lè wo ojú Agatha mọ́.

Ọdún náà gan-an ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì mú Agatha lọ sílé ìwé. Nítorí pé kò gbọ́ èdè, àárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi í sí, orúnkún rẹ̀ ga ju bẹ́ńṣì lọ. Àwọn ọmọ ń pè é ní "Ọmọ Gòólù Kóòsì", wọ́n ń sín ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Agatha pa ẹnu rẹ̀ dé. Tíṣà rẹ̀, Mísì Olúfúnmilọ́lá, wá sí ilé.

"Ìyá Agatha, ọmọ yìí kì í fọhùn rárá. Bí mo bá bi í ní nǹkan, á kàn máa wo ẹnu mi."

"Ẹ má pè mí ní ìyá rẹ̀," ni Ọmọ́lẹ́yẹ fèsì. "Kò fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹnì kan wà tí kò gbà gbọ́ pé àwọn ọmọ náà kórìíra Ọmọ́lẹ́yẹ. Kúlísúmù ni, ìyàwó àlùfáà kan ní àárín ìgboro Ọ̀wọ̀, tó máa ń wá ra aṣọ òfì lọ́wọ́ Ọmọ́lẹ́yẹ. Ó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, kò sì mọ bí a ti ń pọ́n ọ̀rọ̀ lá.

"Ọmọ́lẹ́yẹ, ṣé ẹnu àwọn ọmọ ni o ti gbọ́ èébú tí o sọ fún mi yìí, àbí ẹnu Àbẹ̀ẹ́bí?"

"Kúlísúmù, èmi ni mo tọ́ Àbẹ̀ẹ́bí!"

"Mo mọ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà. Ọ̀rẹ́ mi, ojú ọmọbìnrin yẹn kì í ṣe ojú ẹni tó ń kórìíra. Ojú ẹni tó ń bẹ̀rù ni."

"Kí ni kí ó bẹ̀rù lára mi?" Omi bọ́ lójú Ọmọ́lẹ́yẹ. "Kí wọ́n ṣáà jẹun! N kò bèèrè pé kí wọ́n fẹ́ràn mi. Kí wọ́n jẹun kí ọkọ mi má baà bá òkú ọmọ nílé mi!"

Kò mọ̀ pé Agatha wà lẹ́yìn ògiri. Kò mọ̀ pé etí ọmọ tí kì í fọhùn ti ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó kàn rí i pé láti ọ̀sẹ̀ náà, ọmọ náà ń jókòó súnmọ́ ìdí òfì, kò sọ̀rọ̀, bí òwú bá já bọ́, á mú un, á gbé e sórí àpótí, á sì tún padà jókòó.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe wà ní òpin ọdún, ní ọjọ́ tí Sylvanus ṣubú lulẹ̀ lágbàlá, tí Àbẹ̀ẹ́bí sì ń fi igbe kó ará ìlú jọ.

Ọmọ́lẹ́yẹ kò dúró fèsì. Ó gbé ọmọ náà pọ̀n, ó la àárín èrò kọjá.

"Níbo lò ń gbé e lọ, apànìyàn?" Àbẹ̀ẹ́bí fẹ́ fa ọ̀já náà.

"Yà fún mi, Àbẹ̀ẹ́bí! Bí o bá fẹ́ bú mi, dúró de ìgbà tí mo bá dé!"

Agatha sáré tẹ̀ lé e. Àbẹ̀ẹ́bí pè é títí, kò bojú wẹ̀yìn. Lọ́rì gbé wọn dé ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀. Nọ́ọ̀sì yẹ ọmọ náà wò, ó fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó yí sí Ọmọ́lẹ́yẹ níwájú gbogbo ìyá ọlọ́mọ tó jókòó.

"Kò sí àrùn lára rẹ̀. Ebi ni. Ìyá, ẹ kì í fún ọmọ lóúnjẹ ni?"

Gbogbo ojú yí sí i. Obìnrin kan tó ń fún ọmọ lọ́mú kọ ẹ̀yìn sí i. Bí ilẹ̀ bá lanu, Ọmọ́lẹ́yẹ ì bá wọlé sínú rẹ̀.

Wọ́n bu ògì gbígbóná fún un pé kí ó fi bọ́ ọmọ náà. Ó bu ṣíbí kan, ó gbé e sí ẹnu Sylvanus. Lójijì, Agatha na ọwọ́, ó gba abọ́ náà. Ọmọ́lẹ́yẹ rò pé yóò dà á nù. Kò dà á nù. Ó gbé e sí ẹnu ara rẹ̀, ó mu ẹnu mẹ́ta, ó sì gbé abọ́ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ikùn rẹ̀, ó dúró, ó ń retí. Ó pẹ́ díẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà náà ni ó ti abọ́ náà padà síwájú Ọmọ́lẹ́yẹ, ó sì tọ́ka sí ẹnu àbúrò rẹ̀.

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Ọmọ́lẹ́yẹ. Ó yé e! Májèlé! Ọmọ yìí rò pé májèlé ni, ó sì fẹ́ kọ́kọ́ kú kí àbúrò rẹ̀ má baà kú! Láti ọjọ́ kìíní, oúnjẹ tí òun ń gbé kalẹ̀, ikú ni wọ́n ń rí nínú rẹ̀. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Ẹnu ta ni wọ́n ti lè gbọ́ ọ, bí kò ṣe ẹnu kan ṣoṣo tó gbọ́ èdè wọn?

"Áà," ni ó wí, "èmi ni mo gbá yàrá fún un."

Sylvanus mu ògì náà tán, ó sì bèèrè òmíràn.

Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́ta ní Ọ̀wọ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé Ìpele, ẹbí ọkọ ti pé sílé. Bàbá Akínyẹlé, ẹ̀gbọ́n bàbá Olúgbádé tó jẹ́ olórí ẹbí, ló jókòó sórí àga ńlá. Lẹ́tà ti dé láti Sẹ̀kọ́ńdì, wọ́n sì ti pe Mísì Olúfúnmilọ́lá kí ó wá kà á. Kúlísúmù, tó tẹ̀ lé wọn láti Ọ̀wọ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Tíṣà ka lẹ́tà náà pẹ̀lú ohùn kékeré: "'Àbẹ̀ẹ́bí ti fi gbogbo ohun tí Ọmọ́lẹ́yẹ ń fi ojú àwọn ọmọ mi rí ránṣẹ́ sí mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ kó ẹrù rẹ̀ padà sí ilé bàbá rẹ̀. Ẹ fi àwọn ọmọ lé Àbẹ̀ẹ́bí lọ́wọ́. Òun ni mo ti pinnu láti fi ṣe aya.'"

"Àbúrò ìyàwó rẹ̀!" ni àwọn obìnrin ilé kígbe.

Àbẹ̀ẹ́bí tẹ orí ba bí wúńdíá. "Ẹ̀yin ẹbí mi, èmi kọ́ ni mo fẹ́ ẹ, nítorí àwọn ọmọ ni. Bí mo bá purọ́ mọ́ Ọmọ́lẹ́yẹ, kí n má rí ibi jókòó sí láyé! Ẹ wo ọmọ wọ̀nyí! Ẹ wo ọrùn wọn!"

"Ọmọ́lẹ́yẹ," ni Bàbá Akínyẹlé wí, "ẹnu rẹ dà?"

Ọmọ́lẹ́yẹ kúnlẹ̀. "Bàbá, wọn kò jẹ oúnjẹ mi nítorí wọ́n gbà pé májèlé ni. N kò mọ̀ títí di ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi ni pé n kò wádìí."

"Irọ́! Àjẹ́ ń ṣàlàyé!" ni Àbẹ̀ẹ́bí ké.

"Dákẹ́!" ni Bàbá Akínyẹlé wí. "Bi àwọn ọmọ náà léèrè fún mi: lọ́dọ̀ ta ni wọ́n fẹ́ máa gbé?"

Àbẹ̀ẹ́bí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú Agatha, ó sọ̀rọ̀ Fàǹtí pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Agatha gbọ́ ọ tán. Ó wo ojú rẹ̀ tààrà, ó fi Fàǹtí dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré. Ìpéǹpéjú Àbẹ̀ẹ́bí gbọ̀n. Ó yára nàró.

"Ó ní lọ́dọ̀ mi ni, Bàbá! Ó ní obìnrin yìí ń nà wọ́n bí ẹni na ẹrú!"

"Bàbá, n kò sọ bẹ́ẹ̀."

Ta ló sọ̀rọ̀? Gbogbo ilé ń wo ara wọn. Èdè Ọ̀wọ̀ ni, geere, bí àwọn ọmọ Ìpele ṣe ń sọ ọ́ létí odò. Agatha ni! Mísì Olúfúnmilọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu.

"N kò sọ bẹ́ẹ̀," ni ọmọ náà tún wí. "Mo bi í pé kí ló dé tó fi sọ fún wa pé májèlé wà nínú oúnjẹ. Òun náà kò bi mí ní ohun tí ẹ ní kó bi mí. Ó ní ẹ ń bèèrè bóyá kí wọ́n tà wá. Ní ọjọ́ tí a dé, ó ní obìnrin yìí ló fi èpè pa ìyá wa. Ó ní bí a bá sunkún, yóò jẹ wá. Mo gbàgbọ́, nítorí n kò gbọ́ èdè yín. Ní ilé ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Mo gbọ́ tí obìnrin yìí ń sọ fún ìyá tó ń wá ra aṣọ pé kí a ṣáà jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, àfi ìgbà tí mo mu ògì tí n kò kú."

"Wọ́n ti ṣe ọmọ yìí ní oògùn!" ni Àbẹ̀ẹ́bí ké, òógùn bò ó. "Ẹ má dá a lóhùn! Ta ló kọ́ ọ ní èdè?"

"Èmi ni mo kọ́ ọ!" Mísì Olúfúnmilọ́lá dìde. "Èmi tí mo rò pé odi ni!"

Kúlísúmù pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Olóríburúkú! Ọmú tó o mu lo gé jẹ! Túmọ̀ èyí fún wa ní Fàǹtí, jẹ́ ká gbọ́!"

Àbẹ̀ẹ́bí wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ojú kan tó rọ̀. Ó wólẹ̀ síwájú Ọmọ́lẹ́yẹ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí! Èṣù ló ṣe é!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí pé kí Ọmọ́lẹ́yẹ yọ̀, kò yọ̀. Ìdájọ́ ti gbè é, síbẹ̀ ojú ń tì í ju ti ìgbà tí wọ́n ń bú u lọ. Ó yí orúnkún rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Àbẹ̀ẹ́bí, ó dojú kọ ọmọ kékeré náà. Ó kúnlẹ̀ fún ọmọ lójú gbogbo ẹbí.

"Agatha, èmi ni mo sun gèlè ìyá rẹ. Kò sí ẹni tó fi ipá mú ọwọ́ mi. Mo gba irọ́ gbọ́ nítorí inú ń bí mi, n kò sì lè dá a padà fún ọ láéláé. Dárí jì mí."

Agatha ti ètè òkè bọ ẹnu, ó ń ronú.

"Ẹ kò mọ̀," ni ó wí. "Èmi náà kò mọ̀." Ó wá dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó sì di aṣọ rẹ̀ mú.

Bàbá Akínyẹlé fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Àbẹ̀ẹ́bí, kó ẹrù rẹ. Kí oòrùn má wọ̀ bá ọ ní Ìpele."

Ariwo ọmọdé ló sìn ín jáde. Nígbà tó dé Ùsò, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó fún Ọmọ́lẹ́yẹ ní ọmọ tọ́, jáde síta, ó wò ó, ó padà wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Àbẹ̀ẹ́bí lọ sí Ẹlẹ́gbẹ́ka, ó gba ahéré kan létí oko. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a bi í pé, "Ṣé o mọ ohun tó ń sọ sí etí ọmọ?" Bí ó ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ búra pé kí òun má rí ibi jókòó sí, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹni tó bá gbin èbù ìkà, orí ọmọ rẹ̀ ni yóò hù sí. Ti Àbẹ̀ẹ́bí kò tilẹ̀ dúró de ọmọ.

Àwọn ọmọ kò di ọmọ Ìpele lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Sylvanus ṣì ń jí sunkún, ó ń wá ìyá ìyá rẹ̀. Ata ń ta á lẹ́nu. Ọmọ́lẹ́yẹ dín ata kù, ó ń ra ẹja gbígbẹ ní ọjà Ọ̀wọ̀ nítorí ẹja ni wọ́n mọ̀. Lọ́sàn-án, nídìí òfì, Agatha ń kọ́ ọ ní Fàǹtí: omi, iná, wá, jọ̀ọ́. Ahọ́n rẹ̀ wúwo, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín sí i, ojú ń tì í bí ọmọ kíláàsì kìíní. Ó fara dà á. Ó ní bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bá lè jókòó sáàárín ọmọ ọdún mẹ́fà láti gbọ́ èdè òun, kí ló dé tí òun kò ní gbọ́ tirẹ̀?

Ní oṣù kejì ọdún 1956, Olúgbádé dé. Lẹ́tà Bàbá Akínyẹlé ló lé e wá. Ọ̀sán gangan ni, gbogbo ilé wà lágbàlá. Ó wọ kóòtù, ó gbé àpótí páànù lọ́wọ́. Bó ti rí ọmọbìnrin rẹ̀, ó sọ àpótí kalẹ̀, ó na apá méjèèjì, ó sì pè é ní èdè tí wọ́n jọ ń sọ láti ìgbà tó ti wà lọ́wọ́.

"Agatha! Me ba, bra!"

Ọmọ mi, wá, ni ó ń wí. Agatha gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ fẹ́ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lọ. Ó kúnlẹ̀ níbi tó wà bí ọmọ Ìpele, ó sì dá a lóhùn ní èdè Ọ̀wọ̀:

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Yèyé wa wà nídìí òfì. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí wọn ná."

Apá Olúgbádé wálẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó rìn lọ síwájú obìnrin tó fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlá, tó purọ́ fún, tó sì fi lẹ́tà lé jáde láìbi í léèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Ọmọ́lẹ́yẹ, n kò ní ojú tí n ó fi wò ọ́."

Ọmọ́lẹ́yẹ so òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó má baà já, kí ó tó gbé ojú sókè.

"Bàbá Agatha, ẹ má tíì wò mí. Ọ̀rọ̀ tèmi lè dúró. Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú àwọn ọmọ yín rí. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu tiwọn. Ẹnikẹ́ni kò ní túmọ̀ rẹ̀ fún yín."

Ọkùnrin náà wá àga, kò sí ẹni tó gbé àga fún un. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀. Sylvanus wá fara ti Ọmọ́lẹ́yẹ. Agatha bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, kò fi ohunkóhun pamọ́, kò sì yára. Olúgbádé dojú bolẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo ará ilé rẹ̀, kò sì gbé e sókè títí ọmọ náà fi sọ̀rọ̀ tán.